Iná Ilé-Ìkàwé ní Vardø

Ní Vardø, oòrùn ti gba ìsinmi láti ìparí oṣù kọkànlá,
kò sì ní í padà títí ọdún tuntun yóò fi gbó díẹ̀.
Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Èmi tí mò ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé,
èmi ni mo rí i pé iná ilé-ìkàwé ò tíì kú.

Mo yọjú lójú fèrèsé.
Solfrid ló jókòó síwájú kọ̀ǹpútà,
ó na ọrùn bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga.
Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ,
ó ń rẹ́rìn-ín sí orí kéékèèké mẹ́rìndínlógún
tí wọ́n tò bí ẹyin inú kéréètì.
Kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ló fi wàásù fún afẹ́fẹ́.

Lẹ́tà ló dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́:
kí gbogbo olùtọ́jú ìwé wá kọ́ irinṣẹ́ tuntun lórí ayélujára,
ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́fà, kò gbọdọ̀ yẹ̀.
Ó kà á, ó tún un kà,
ó wo dúrọ́wà káàdì tó ti ń tò fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
ó ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ dá mi padà sí jẹ́léósinmi ni?"
Mo mọ Solfrid.
Bó bá bú nǹkan tán, á lọ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ aṣínà kìíní, ó gbàgbé.
Ìkejì, ó gbàgbé.
Ìkẹta, ó kọ ọ́ sórí káàdì,
ó tì í bọ inú dúrọ́wà, ẹ̀yìn ìwé kan lórí àrùn àgùntàn
tí ẹnikẹ́ni ò yá láti ìgbà tí mo ti gbaṣẹ́ níbẹ̀.

Yalini ló gbà á lọ́jọ́ yẹn.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí baba rẹ̀ ti Jaffna wá
gé ẹja ní ilé-iṣẹ́ etí omi;
ìdí ẹ̀rọ amúlégbóná ló máa ń jókòó sí títí baba á fi ṣíwọ́.
Ó dìde, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ nǹkan pupa,
ó ní, "Ẹ tún un sọ. Wọ́n ti ń gbọ́ yín báyìí."
Mo rí ojú Solfrid.
Ó pọ́n ju nǹkan pupa ọ̀hún lọ.

Ìjì já nẹ́tíwọọ̀kì lọ́sẹ̀ kẹta.
Lọ́sẹ̀ kẹrin, àjà ni kámẹ́rà ń wò,
irun ewú rẹ̀ nìkan ló lọ kíláàsì.
Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ogún ọwọ́ jọ ń kọ ojú-ìwé kan ṣoṣo,
lẹ́tà ń hù níbi tí kò sẹ́nìkan,
Solfrid gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni tí iná jó.

Nígbà náà ni obìnrin kan láti Kautokeino bèèrè:
ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ òun tí kò fẹ́ kàwé rárá,
àfi tó bá jẹ́ ti àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín, ní èdè Sámi, èdè ìyá rẹ̀.
Àwọn tó kù ń tẹ̀, wọ́n ń wá, wọ́n ń tẹ̀.
Solfrid ò tẹ nǹkan kan.
Ó dìde, àga òfìfo ló kù lójú kámẹ́rà.
Ṣẹ́ẹ̀fù kẹta, ọwọ́ òsì, ẹ̀yìn búlúù:
ó gbé ìwé náà wá síwájú gbogbo wọn
pẹ̀lú eruku rẹ̀.
Ariwo tó sọ nínú ẹ̀rọ náà, mo gbọ́ ọ níta nínú yìnyín.

Èmi ni mo gbé e gba ihò abẹ́ òkun
dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹnikẹ́ni ò kọ èyí sílẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí dé. Sofrid ni wọ́n kọ, ẹ́ẹ̀lì kan ti sọnù sójú ọ̀nà.
Kò gbé e kọ́ sára ògiri.
Ó mú káàdì òfìfo, ó kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ,
ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àrùn àgùntàn.

Lánàá ó kan fèrèsé pè mí:
"Wọlé. Gbọn bàtà rẹ. Jókòó."
Ó ní mo lè rí ojú ọmọ mi ní Bergen láti orí àga yìí.
Mo ní ọwọ́ mi dọ̀tí. Ó ní ọwọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń wòran.
Ló bá dúró lójijì, ó di ojú, ó ń wá ọ̀rọ̀ aṣínà nínú orí.
Yalini ò gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà;
ó pè é sókè, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.