Ìwé Tí Kò Léèpo Mọ́

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo ní.
Èèpo rẹ̀ ya mọ́ ẹni kẹta tó yá a lọ́wọ́,
orúkọ ìwé bá a lọ, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ bá a lọ,
ìtàn wá kù síhòòhò lórí tábìlì mi
láàárín ike gọ́ọ̀mù àti abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránwèé,
nítòsí ojú irin Òṣogbo, níbi tí reluwé ti ń kọjá
lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: Mufú Wáyà ni wọ́n ń pe ọmọ inú rẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù jíjí,
ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi àdá sọ̀rọ̀,
ó parí sínú gọ́tà lẹ́yìn gáréèjì àtijọ́,
bàtà ẹsẹ̀ kan, òjò ń pa á.
Ẹni tó kọ ọ́ ò pààrọ̀ orúkọ àdúgbò kankan.
Ìyẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Bámgbàlà, tó ti fẹ̀yìn tì sí Òkè-Fíà,
dá a padà pẹ̀lú báírò pupa. Ó ti máàkì rẹ̀!
"Irọ́! Ìbọn kì í dún báyìí.
Irọ́! Àwa kì í de ènìyàn báyìí."
Mo ṣí i títí dé ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́ta,
níbi tí ọlọ́pàá ti ka owó lábẹ́ tábìlì
tó sì pa fáìlì dé.
Báírò pupa ò kan ibẹ̀ rárá.

Tíṣà Adéníhùn ní èébú inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.
Wọ́n kà á: mọ́kànlélógún nínú orí kan péré,
èyí tó kan ìyá ènìyàn jẹ́ mẹ́sàn-án.
Mo ní ṣé ìwé náà sú wọn ni?
Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n ní aago mẹ́ta òru lù,
àwọn ò tíì pa iná.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní dígí àwùjọ ni.
Dígí kẹ̀?
Dígí kì í rùn.
Mo ti rán ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo mọ òórùn rẹ̀.

Àwọn ọmọ Alékúwodò ò yá a lọ sílé.
Wọ́n jókòó síwájú ìsọ̀ mi, ọ̀kan ń kà á sókè,
ó ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Inú bí wọn sí ìparí rẹ̀.
"Kí ló gbé e dé gáréèjì? Ṣé kò ríran ni?
Kó gba ojú irin, kó fẹ̀yìn ilé ìlapákó bọ́ sílẹ̀,
kó gun afárá kékeré, Ọ̀ṣun ti là wọ́n láàárín nìyẹn."
Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya á sílẹ̀ fún mi, ìkóríta kan ò yẹ̀.
Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?
Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín náà ò dé ojú.

Ìyá Rìsíkátù ló dá a padà kẹ́yìn, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé e.
Ọmọbìnrin wọn ló kà á sí wọn létí, alẹ́ mọ́kànlá gbáko.
Ọmọkùnrin wọn jáde nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọdún kẹrin rèé.
Èmi ò sọ ọ́. Àwọn náà ò sọ ọ́.
Mo ń retí kí wọ́n bú ìwé, tàbí kí wọ́n bú mi.
"Mufú yẹn," wọ́n ní,
"ǹjẹ́ ó jẹun kó tó jáde lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Mo ṣí i, mo tún un ṣí. Igba ojú ewé ó lé:
ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, orúkọ títì wà níbẹ̀.
Oúnjẹ ò sí.
"Ó jẹun, Ìyá. Ẹ̀wà ni, ó fi búrẹ́dì jẹ ẹ́.
Ojú ewé yẹn ló já."
Wọ́n mi orí. "Mo ti sọ fún Rìsíkátù bẹ́ẹ̀."

Lálẹ́ yẹn mo tú ìwé náà, mo tún un rán.
Mo fi bébà funfun kan há àárín
ojú ewé kejìdínlọ́gọ́fà àti ìkọkàndínlọ́gọ́fà.
Ẹni tó yá a lọ́sẹ̀ yìí ti béèrè ohun tó mú ibẹ̀ ṣófo.
Mo ní kó máa kà á lọ.