Ó Rẹ̀ Mí

Nọ́ọ̀sì Rosamel ti wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Achao.
Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, ó ní ẹ̀dọ̀fóró mi ń dún bó ṣe yẹ,
ó fi gègé fa ìlà gba orí orúkọ mi nínú ìwé àwọn aláìsàn.
Ó ti san, Eduvina. Ó ti tán.
Mo dúpẹ́. Mo sìn ín dé ẹnu géètì.
Mo padà, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹta
nítorí pé ìkẹrin jìnnà.

Ó rẹ̀ mí.
Mo ń wo ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń wo bàtà àlejò lẹ́nu ọ̀nà.
Ta ni "ó"?
Ibà ni mo mọ̀. Ibà kanlẹ̀kùn kó tó wọlé,
ó gbọ̀n mí, ó sè mí,
ọjọ́ mọ́kànlá ló lò, ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ.
Èyí ò kanlẹ̀kùn.
Kò gbóná, kò tutù,
nọ́ọ̀sì ò rí i, ẹ̀rọ ò gbọ́ ọ,
àmọ́ bí mo bá fẹ́ gbé garawa,
òun ló ti kọ́kọ́ jókòó sínú ẹ̀.

Lánàá mo gbé kẹ́tù ka iná.
Mo rántí iná. Mo rántí omi.
Ohun tó yẹ kó so méjèèjì pọ̀ ni mi ò rántí,
àfìgbà tí Baldovino ti etí òkun wọlé,
tó ní, "Ṣé irin lò ń sè fún wa lónìí?"

Èmi tí mo mọ irúgbìn ànàmọ́ mọ́kànlélógún ní orúkọ!
Ìyá ìyá mi ló kà wọ́n sí mi létí nígbà tí eyín mi ṣì ń yọ:
Clavela, Murta,
Guadacho tó gùn bí ìka ẹni tó ń báni wí,
Michuñe tí inú ẹ̀ dà bí òru tí wọ́n là sí méjì.
Nínú òkùnkùn àká, ọwọ́ lásán ni mo fi ń mọ̀ wọ́n.
Lóṣù Kẹsàn-án, àsìkò gbígbìn, mo mú ọ̀kan dání,
ó dúdú, ó rí gbágungbàgun, ó ní ojú púpọ̀.
Gbogbo ojú náà ń wò mí.
Mo pè é ní "ìwọ."

Àáró la fi ń gbé ní erékùṣù yìí.
Ẹni tó bá ọ kọbè lónìí, o ó bá a kọ lọ́la,
gbèsè àáró kì í sì í jẹrà.
Mo jẹ ilé Nahuelquín ní ọjọ́ méjì,
mo jẹ opó Barría ní ọ̀kan.
Mo gbọ́ ohùn wọn lókè lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ọkọ́ tó ń já ilẹ̀.
Mo wọ bàtà òjò mi ẹsẹ̀ kan,
oorun gba èkejì lọ́wọ́ mi.
Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
Ẹnìkan ṣáà ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti yọ padà o,"
mo sì gbọ́ ìyókù.

Orfelina Barría gbé búrẹ́dì wá. Kò ní kí n ṣe gírí.
Ó jókòó, ó ń bó ànàmọ́, ó ń sọ̀rọ̀ nípa aja ilé tó ń jò.
Ìgbà tó ń lọ ló tó ní:
"Lẹ́yìn ọ̀fìnkìn ńlá ọdún ọjọ́sí,
oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pe ọkọ mi ní orúkọ ajá wa."
Ṣé ó ń dáhùn?
"Àwọn méjèèjì ló ń dáhùn."

Lóru àná, kùrukùru bo òkun dé ẹnu fèrèsé,
ni orúkọ náà dé.
Bruja! Àjẹ́! Ṣebí òru náà ló kúkú ń fò.
Mo jí Baldovino. Ó ní "Hùn-ún," ó yíjú sógiri.
Mo mú èédú nídìí sítóòfù,
mo kọ ọ́ sára pákó ògiri kó má baà sá.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ wò ó.
Ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni.
Lápá òsì ẹ̀, òmíràn wà tó ti ń parẹ́: Bruja.
Lókè ìyẹn, òmíràn.
Mo kà wọ́n. Mẹ́rin ni.
Mo tún wọn kà.