Kọ̀ǹpútà Inú Pàálí

Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo kó lọ sí Kuín Sínímà,
bí bàbá bàbá mi ì bá ti kà á;
oṣù mọ́kànlá ni mo fi tún fóònù ṣe l'Ágbowó
kí n tó ṣà á jọ.

Láṣebìkan gbé kéèsì kan jáde,
fáànù mẹ́ta ń kọ yẹ̀rì bí ojú ológbò lóru.
Ó wọ̀ mí lójú. Ọwọ́ mi ti ń yọ́ lọ sápò.
"Kí ló wà nínú rẹ̀?"
"Afẹ́fẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa wá nǹkan fi sí i."

Mo dá a padà.

Káàdì àwòrán, àlòkù ni:
eruku ilé onílé ṣì wà létí abẹ́bẹ̀ rẹ̀.
A ná an títí oòrùn fi yẹ̀ lórí páànù.
Ráàmù méjì, ìbejì ni wọ́n;
mo ra Táíwò,
mo ní kí Kẹ́hìndé máa bọ̀ tó bá dòṣù tó ń bọ̀.
Ṣùgbọ́n àpótí tó ń pín iná fún wọn,
n kò ná an ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.
Ẹni tó bá mọ iná àdúgbò wa
kì í ra ìyẹn ní gbàǹjo.

Lálẹ́, pàálí bisikíìtì ni mo tò wọ́n sí,
Mobọ́láńlé ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.
Mo tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́.
Mo tún tẹ̀ ẹ́:
fáànù mí kanlẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ìyá wa lajú.

"Géèmù wo la máa kọ́kọ́ ta?"

Géèmù!
Mi ò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù fún géèmù.

Ayò káàdì tó bá ẹ̀rọ wá
la ta títí Nẹ́pà fi mú iná lọ.