Húpóménò

Ẹ̀yìn ìwé náà ti já. Olùkọ́ Ṣóbọ̀wálé
fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan: húpóménò.
"Húpó ni abẹ́. Ménò ni kí èèyàn dúró."

Mo wo òkè Ìtòkò lójú fèrèsé.
Abẹ́. Dúró.
Àwa tí a sá wọ abẹ́ àpáta nígbà ogun,
ṣé èdè Gíríìkì la ti ń sọ láìmọ̀?

Ó ní àwọn ará àtijọ́ ń lò ó fún jagunjagun
tó rí ọ̀kọ̀ tó ń bọ̀, tí kò yẹsẹ̀;
Lúùkù lò ó fún ọmọ ọdún méjìlá
tó ṣẹ́kù sí Jerúsálẹ́mù, tí ìyá rẹ̀ ń wá a kiri.
"Má kàn kọ sùúrù sílẹ̀. Sùúrù lè jókòó."

Lálẹ́ mo bi ìyá mi, Fadérera,
tó ń fọ́ òkúta ní kúárì lẹ́yìn Ọbántókò,
tó ń rù ú ní páànù-páànù, owó ilé-ìwé mi:
"Kí là ń pe dídúró lábẹ́ ẹrù?"

Ó tú òṣùká, ó gbọn eruku rẹ̀ nù.
"Ta ló dúró? Mò ń rìn ni."

Mo ṣí ìwé mi, mo pa "dúró" rẹ́.
N kò tíì rí èyí tí n ó fi rọ́pò.