Ọwọ́ Kẹrin

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́ tán lẹ́yìn Kọ́fẹ́ńtìrì,
wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò sílẹ̀ lórí pápá tó tutù nini,
wọ́n ti pàtẹ ohun tí òkú fi sílẹ̀:
ife tí kò ní àwo, bàtà ọmọdé, rédíò tó ti yadi.
N kì í dúró níbẹ̀.
Tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi, ọwọ́ mi wà nínú páálí,
aago ọwọ́ ni mò ń wá.
Kì í ṣe èyí tó ń dán. Àgbàlagbà ni mo fẹ́,
oníbọ́tìnì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́,
tó ní ojú wẹ́wẹ́ mẹ́ta nínú ojú ńlá kan,
tó sì ní ọwọ́ kẹrin, pupa ní ṣóńṣó,
tó ń ka àkókò ìlú ibòmíràn.

Aago ọwọ́, ọwọ́ aago:
èwo ló so èwo mọ́lẹ̀?

Mẹ́tàdínlógún wà nílé nínú agolo bísíkíìtì.
Fadérera ní, "Wákàtí kan péré ló wà láàrin àwa àti Ìkirè,
ṣé orí rẹ ò lè gbé ìyẹn ni?"
Òótọ́ ló sọ. Awakọ̀ òfúrufú ló yẹ kó ní irú rẹ̀,
tàbí ẹni tó bímọ sí Tókíò,
kì í ṣe èmi tí mò ń to ẹrù lóru.
Àmọ́ lọ́dún tí ìyá mi lọ, nínú òtútù oṣù kìíní,
àbúrò mi pè, ó ní aago mẹ́rin ìdájí ni Màmá dákẹ́.
Mo wo ọwọ́ mi. Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Aago mẹ́rin ò tíì lù.
Mo wọ bàtà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà
kí ọgbọ́n orí mi tó bá mi.

Lóṣù kejì ni mo rí èyí lọ́wọ́ Doreen Tranter, opó.
Ogójì pọ́n-ùn; n kò ná an.
Okùn awọ rẹ̀ ti gé,
àwọn òǹkà rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà amutábà.
Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ka eré sísá dúró gbọin
lórí ìṣẹ́jú mọ́kànlá àti àáyá mọ́kàndínlógún.
"Ọkọ mi ló dá a dúró," ló wí,
"n kò mọ ohun tó ń kà. Jọ̀ọ́, má tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀."

Mo gbé e lọ fún Hardev ní òpópónà Spon,
níbi tí wọ́n ti ń rọ aago láyé àtijọ́.
Ó kán epo tó kéré ju omijé èèrà sí i,
ó gbé e sétí, ó ní, "Ó ń mí."
Kò fọwọ́ kan mọ́kànlá yẹn.

Lálẹ́ àná, ìlú òyìnbó ti aago síwájú.
Ìkirè kì í yí tirẹ̀ padà;
àwọn ará ibí ló ń sáré lọ bá a,
tí wọn yóò tún fi í sílẹ̀ nígbà tí ewé bá ń wọ́.
Mo yí orí aago, jẹ́jẹ́.
Wákàtí ibí rọra gun wákàtí ọ̀hún lẹ́yìn
bí ọmọ tí oorun ń kùn.
Ṣóńṣó pupa wọlẹ̀; n kò rí i mọ́.
Oṣù méje nìyẹn.
Fadérera ké láti yàrá, "Aago mélòó ló lù?"
Tẹ́lẹ̀, ǹ bá bi í pé ti ibo.

Mo fi àtàǹpàkò lé bọ́tìnì ìsàlẹ̀.
Mo gbọ́ ọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń sáré bí ọkàn ẹyẹ.
Mo gbé ìka mi kúrò.