Okùn Tí A Kò Ká

Oko ẹgbẹ̀fà ló wà nínú fáìlì mẹ́rì Kétu,
láti ẹ̀yìn Akàbà títí dé ọ̀nà Ìlárá:
oko kàjú, oko ẹ̀gẹ́, oko òwú tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá.
Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo kọ fún kọ̀ǹpútà:
mú oko kan, wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yà á,
kọ orúkọ olóko sí i, fi pamọ́,
bọ́ sí èkejì.
Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo ní kí n mu ògì díẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, wàràwàrà bí òjò lórí páànù.
Nígbà tó di igba, ó ń mí kanlẹ̀.
Ní ọ̀ọ́dúnrún, mo lè ka orúkọ kó tó parẹ́:
Adékàmbí. Fágbìté. Ìyá Bọnifásì.
Ní irinwó, mo ti ń rántí ojú wọn.

Mo dá iná lẹ́bi, mo dá ooru lẹ́bi.
Mo pa á, mo tún un tàn: ó sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn,
ó sì tún dé ibi àná, ó ń wọ́ ẹsẹ̀.
Oko kan ò kúkú tóbi ju èkejì lọ.

Bàbá Ọdẹ́kúnlé, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wa,
tó ti bá àwọn jeomẹ́tà gbé okùn ìwọnlẹ̀ rí,
fi ìgbọ̀nwọ́ ti ojú fèrèsé.
“Ṣé ó ń ká okùn ẹ̀?”
Okùn wo, Bàbá?
“A máa ń ká okùn ká tó kúrò lóko kan.
Ọmọ kan wà láàárín wa tí kì í ká a,
wíwọ́ ló ń wọ́ ọ lẹ́yìn.
Dé oko kẹta, okùn ti kó ẹ̀gún, ó ti kó pòròpórò àgbàdo.
Ó ní ọ̀nà ló jìn.”

Mo padà ka àṣẹ tí mo kọ.
Gbogbo oko tí mo yà, orí ara wọn ni mo ń tẹ́ wọn sí,
n kò ní kó ká ọ̀kan kúrò rí.
Kó tó fi ẹyọ kan hàn mí,
ó ń tún ẹgbẹ̀ta yà láti ìsàlẹ̀ wá,
ẹgbẹ̀ta ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó padà lọ tì í.
Èmi ni mo bí i ní ọ̀lẹ.

Ìlà méjì péré ni mo fi kún un:
ti ilẹ̀kùn. Ká okùn.
Ògì mi ò tíì tutù tán tí ẹgbẹ̀fà fi pé.
Orúkọ ń kọjá bí ẹyẹ ẹ̀ga,
n kò rí ojú ẹnì kankan.

“Oko tèmi ńkọ́? Ṣé o rí i?”
Ó ti kọjá, Bàbá.
Kò fèsì. Ó ń wo ojú ẹ̀rọ náà.
Mo fa àga kan fún un,
mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wá a, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́.