Lítà Mẹ́tàlá

Fọ́ọ̀mù náà dé láti Ìbàdàn,
ojú ewé mẹ́rin, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn.
Ó ní ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ igbó,
tó ń gégi, tó ń wọ́ gẹdú,
kó wá gba díẹ̀ padà nínú owó-orí tí ìjọba ti yọ lórí epo rẹ̀.

Bàbá Oyèdìran rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
"Owó-orí kẹ̀? Orí wo ni katakata ní?"
Mo ní, Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́.
Èmi Morádékẹ́ ni mò ń ṣírò fún wọn ní àgọ́ agégẹdú,
lẹ́yìn Orílé Ìgbọ́n, níbi tí igi tíìkì ti tò
bí ọmọ iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.
Ìwé mi ń rùn: dísù, oje igi, òógùn ọwọ́.

Ẹ̀rọ wo lẹ ní?
Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀kan ń wúkọ́ bí ẹni tí tábà há lọ́fun.
Katakata kan, ó pupa nígbà kan rí.
Tírélà kan tí táyà rẹ̀ kò bára mu.

Níbo lẹ ti ra epo?
Kẹ́ẹ̀gì la fi rà á, nílé epo kan ní Tákìé.
Ọmọ tó ń ta á kò ní rìsíìtì, bíró ló ní;
ẹ̀yìn páálí bisikíìtì ló kọ iye rẹ̀ sí.
Mo lẹ páálí mọ́ fọ́ọ̀mù.
Páálí mọ́kànlélógójì.

Ìbéèrè kẹta ni mo jókòó tì:
lítà mélòó ló jó nínú igbó, mélòó ló jó lójú títì?
Ti igbó nìkan ni wọ́n ń dá padà.
Bí táyà bá ti kan ọ̀dà báyìí,
epo náà kì í ṣe epo igbó mọ́.

Mo ṣí ìwé mi. Oṣù Agẹmọ, ọjọ́ kẹtàdínlógún.
Òjò ń rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sórí páànù.
Ìyàwó Lásùpọ̀, tó ń dáná fún wa, di ikùn mú,
kò lè jókòó, kò lè dúró.
Ọlọ́kadà ní òun kò lè gba inú ẹrẹ̀ náà.
Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó bu epo sí katakata.
A tẹ́ ẹní sáàárín gẹdú méjì tí a kò tíì já sílẹ̀,
a fi tapólì borí,
mo di tọ́ọ̀ṣì mú, mo di ọwọ́ obìnrin náà mú,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi níka.

A kò tíì rí iná Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọmọ fi ké.
Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ayé dákẹ́,
àfi òjò, àfi ọmọ.
Wọn kò wá orúkọ kiri:
ọ̀nà ti sọ ọ́ ní Abíọ́nà
kí ìyá rẹ̀ tó rójú rẹ̀ dáadáa.

Àlọ àtàbọ̀, lítà mẹ́tàlá.

Lásùpọ̀ ní, "Kọ ọ́ sí igbó. Ta ló rí wa?"
Gbádégẹṣin, tó ń pọ́n ayùn, ní ṣebí gẹdú wà lẹ́yìn tírélà.
Owó ibẹ̀ kò kúkú ju owó búrẹ́dì lọ.
Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ sí igbó,
a jẹ́ pé a kò gbé ẹnikẹ́ni jáde lóru ọjọ́ náà,
a jẹ́ pé obìnrin kan ń rọbí nínú òjò
tí katakata ń wọ́ igi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Mo kọ ọ́ sí ojú títì: mẹ́tàlá.

Akọ̀wé sọ gíláàsì kalẹ̀ sórí imú.
"Kí lẹ wá dé títì?"
Mo ní, ọmọ ni, sà.
Ó wá àyè ọmọ nínú fọ́ọ̀mù, kò rí i.
Ó fi bíró pupa fa ìlà sí i. "Èyí kò yẹ."
Mo ní, mo mọ̀, sà.

Oṣù márùn-ún kọjá kí owó tó dé.
Ó ra táyà kan, ó ku díẹ̀, Bàbá fi kún un.
Abíọ́nà ti ń jókòó báyìí, lórí òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi;
bí katakata bá bú, á yíjú sí i, á pàtẹ́wọ́.
Bàbá Oyèdìran nawọ́ sí i láàárọ̀ àná:
"Morádékẹ́, wò ó.
Orí tí mò ń bi ọ́ léèrè nìyẹn."